Ẹ jẹ́ kí a mọ káàdì kí a tó wá dráífà: ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Hackintosh

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun lórí ojú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa Hackintosh, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò tí ó sì gbé macOS sórí rẹ̀, ni ó mú mi kọ̀wé. Òǹkọ̀wé yín ṣe dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní kí ẹni tí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì lò kó gbogbo kext (fáìlì dráífà tí ń jẹ́ kí macOS lè lo ẹ̀yà ẹ̀rọ kan) tí ó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú fódà Kexts, kí ó tún ẹ̀rọ náà tàn, kí ó sì máa wo èyí tí yóò ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ràn yẹn dúró bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni yóò tẹ̀ lé e jù, àwọn náà ni kò sì ní mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́.

Nígbà tí Clover, ètò tí ń ṣiṣẹ́ kí macOS tó wọlé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tan Hackintosh, lóòótọ́ ni pé kext tí a bá jù sínú fódà rẹ̀ ni yóò gbé wọlé. OpenCore, tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Kext tí a kò bá kọ sínú config.plist, fáìlì tí a ń kọ ètò OpenCore sí, lábẹ́ Kernel níbi tí a ti rí Add, kí a sì fi Enabled rẹ̀ sí true, kò ní ṣe ohunkóhun, bí ó tilẹ̀ wà nínú fódà títí di ọdún tí ń bọ̀. Bí a bá sì kọ gbogbo wọn pátá síbẹ̀, ìjà ni a dá sílẹ̀. Káàdì Wi-Fi Intel kan náà ni kext méjì, itlwm àti AirportItlwm, ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, a kò sì gbọdọ̀ tan àwọn méjèèjì pọ̀. AirportItlwm tí wọ́n ṣe fún macOS Monterey yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún Ventura, èyí tí kò bá sì bá macOS mu lè mú kí ẹ̀rọ kú lójijì bí ó ṣe ń tàn. Ẹni tí ó bá ní ju macOS kan lọ lórí ẹ̀rọ kan ní láti fi MinKernel àti MaxKernel pààlà fún wọn: 21 ni nọ́ńbà kernel (ọkàn macOS) ti Monterey fi bẹ̀rẹ̀, 22 ni ti Ventura, 23 ni ti Sonoma. Kíkó gbogbo kext jọ láìmọ káàdì tí ó wà nínú ẹ̀rọ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń mu onírúurú oògùn láìtíì mọ àìsàn tí ń ṣe é.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì náà. Lórí Linux, àṣẹ lspci -nn yóò fi í hàn. Ètò tí ń jẹ́ Hackintool náà yóò fi í hàn lórí macOS. Nọ́ńbà méjì ni: àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tí ó ṣe káàdì, 8086 fún Intel, 10EC fún Realtek, 14E4 fún Broadcom, èkejì ń sọ irú káàdì náà gan-an. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí páálí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) lè kọ “Realtek LAN” lásán. Káàdì RTL8111 kì í fi 8111 hàn, 8168 ni yóò fi hàn, RealtekRTL8111.kext ni ó sì ń fẹ́. Èyí tí ó bá fi 8125 hàn jẹ́ ti 2.5 gígábíìtì, LucyRTL8125Ethernet ni tirẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò sì lè ṣe nǹkan kan fún un. Intel I219-V ń fẹ́ IntelMausi. Ní ti I225-V tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15F3, kì í ṣe kext ni wọ́n wá fún un ní ayé macOS Catalina: dráífà Apple fúnra rẹ̀ mọ 15F2, nítorí náà wọ́n á kọ F2150000 sí device-id lábẹ́ DeviceProperties nínú config.plist kí macOS lè gbà á. Ẹ wo bí a ṣe kọ ọ́ ní méjì méjì láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹni tí ó bá kọ 15F20000 kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, yóò sì rò pé motherboard òun ni kò dára.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá bi ara wa pé níbo gan-an ni ọ̀nà ti dí. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ kextstat láti mọ̀ bóyá kext náà wọlé. Ẹ tẹ ifconfig, kí ẹ wo en0, orúkọ tí macOS ń pe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Bí “status: active” bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kext ti wọlé, ó sì rí wáyà. Router ni kò fún ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́sì, wáyà àti router ni kí a sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí App Store tàbí iMessage kọ̀ láti wọlé, ó ṣeé ṣe kí en0 má jẹ́ káàdì tí macOS kà sí ti inú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ti ń pààrọ̀ káàdì ni èyí sábà máa ń bá. Kí ó ṣe ẹ̀dà NetworkInterfaces.plist àti preferences.plist tí ó wà nínú /Library/Preferences/SystemConfiguration pamọ́, kí ó pa àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, kí ó sì tún ẹ̀rọ tàn. macOS yóò tún wọn kọ fúnra rẹ̀.

Òǹkọ̀wé yín kò mẹ́nu ba Sonoma, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó dá wàhálà tí ó pọ̀ jù sílẹ̀. Ní 2023, Sonoma yọ dráífà àwọn káàdì Wi-Fi Broadcom àtijọ́ kúrò, BCM94360 àti BCM943602 sì wà lára wọn, àwọn káàdì tí a ti ń yìn tipẹ́ pé wọn kò nílò kext kankan. Ọ̀pọ̀ ṣe ìmúdójúìwọ̀n tán, Wi-Fi pòórá, wọ́n sì ju káàdì tí kò ṣe nǹkan kan nù. Ètò tí ń jẹ́ OpenCore Legacy Patcher lè dá dráífà náà padà, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò ní láti dín ààbò inú macOS kù kí ó tó ṣeé ṣe. Ní tèmi, ẹni tí iṣẹ́ gidi wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá lo wáyà, tàbí kí ó dúró sórí Ventura.

Apple ti kéde ní oṣù kẹfà 2025 pé macOS Tahoe ni ìkẹyìn tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Intel. Àdéhùn rẹ̀ kò tilẹ̀ fàyè gba macOS lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ èyí náà. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀ yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí ó ni wọ́n yóò sì máa wá ìrànlọ́wọ́ kiri.

Nítorí náà, mo ń rọ̀ yín kí ẹ tún gbólóhùn tí mo mẹ́nu bà lókè ṣe nínú ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì, irú macOS àti irú OpenCore sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ̀ràn èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀ nípa dráífà. Bí àyè bá wà, ẹ fi kún un pé kí òǹkàwé kọ́kọ́ da fódà EFI rẹ̀ (níbi tí OpenCore àti àwọn kext wà) tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ sórí fíláàṣì, kí ó sì dán an wò bóyá ó lè tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan config.plist.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín