Ọ̀rẹ́ Mi, Má Tíì Ra Motor Yẹn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àlàáfíà ni èmi náà wà níbí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé ibi tó o ti sọ pé o ti to ọkọ̀ náà tán, pé ó ti gun ìwé márùn-ún tó o tò léra nínú yàrá, ṣe ni mo dìde dúró. Mo rántí bí a ṣe máa ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan àwa náà á ní ọkọ̀ onírìmóòtù tí ń gun òkúta, èyí tí a fọwọ́ ara wa tò láti orí síkúrù àkọ́kọ́. Ó ti ṣẹ báyìí. Ibi tó ti ṣẹ fún wa ló kàn jìnnà síra.

Ìbéèrè rẹ ni pé kí lo máa kọ́kọ́ pààrọ̀, o sì ti ní motor kan lọ́kàn, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà, torí ọkọ̀ náà máa ń dúró bó bá dé ibi tó dagun. Jọ̀wọ́, má tíì rà á. Wo nǹkan kan fún mi ná. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o fojú sí táyà. Bí táyà bá ń yí lórí òkúta tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, motor ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Táyà ni kò rí ibi dì mú. Bí táyà bá dúró gbọn-in tí motor sì ń kùn, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ motor àti gíà. Nínú gbogbo ìgbà tí tèmi dúró lọ́dún tó kọjá, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ̀bi jẹ́ ti motor.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Motor 35T ló bá kíìtì mi wá, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí mo rà láti tò. Mo yọ ọ́, mo fi 27T sí i. Nọ́mbà tó ṣáájú T yẹn ni iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà mọ́ inú motor. Bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni motor ṣe ń lọ́ra tó lórí bátìrì kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfà rẹ̀ ṣe ń le sí i tó. Pẹ̀lú 27T, ọkọ̀ mi ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú bí ohun tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n bó bá dé ẹsẹ̀ òkúta, kí n ṣáà ti fọwọ́ kan rìmóòtù díẹ̀, á fò sókè, á sì dojú délẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, motor gbóná débi pé mi ò lè gbé ìka lé e. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹsẹ̀ òkúta yẹn ni òwe náà ti wá yé mi. 45T ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ náà sì ń rìn bí alágẹmọ: á gbé táyà kan, á dúró, á tún gbé òmíràn.

Táyà ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀. Fi èékánná tẹ èyí tó bá kíìtì rẹ wá. Bí kò bá jìn wọlé, kò lè di òkúta mú. Wá èyí tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ dáadáa, 1.9 ínǹṣì náà, kó lè bá ríìmù rẹ mu. Ṣùgbọ́n rọ́bà nìkan kọ́. O mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló gbé táyà tiwa dúró bíi ti ọkọ̀ ńlá. Fóòmù inú rẹ̀ ni. Bí fóòmù bá le jù, táyà á dà bí òkò. Bó bá rọ̀ jù, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ibi tó dagun, ọkọ̀ á sì yí.

Mo lo odindi alẹ́ kan lórí fóòmù. Ríìmù tèmi jẹ́ irú èyí tí òrùka àti síkúrù fi ń di táyà mú, nítorí náà mi ò ní gọ́ọ̀mù láti bá jà. Mo tú síkúrù ọ̀kan, mo fa fóòmù jáde, mo sì fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ ní ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, kí ẹ̀gbẹ́ táyà lè rọ̀ ju àárín lọ. Mo dá a padà, mo de síkúrù, mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ṣì le. Mo tún tú u, mo tún gé e. Ní ìgbà kẹta, nígbà tí mo gbé táyà yẹn lé igun bíríkì kan, mo rí i tí rọ́bà rọra wó lé igun náà, tó sì bò ó mọ́lẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń bo orí ọmọdé. Mo mọ̀ pé ó ti tó. Mo wá ṣe mẹ́ta yòókù bákan náà, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bó o bá máa wọ omi, fi irin gbígbóná lu ihò kékeré méjì sí ojú táyà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dojú kọra, kó o sì fi téèpù dí ihò tó wà lára ríìmù. Omi tó bá wọlé á máa ta síta bí táyà ṣe ń yí.

Lẹ́yìn táyà, ìwúwo ló kàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ kà, torí òun ló yí ojú tí mo fi ń wo ọkọ̀ yìí padà. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ sí orí tèmi: káríà, kẹ́ẹ̀gì epo kéékèèké, táyà àpààrọ̀, ọkọ́ kékeré kan, iná mẹ́fà. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè, á yí. Mo ń bú òkúta, mo ń bú ṣọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan mo gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, mo fi táyà iwájú méjèèjì lé e, mo sì fi pátákó tó ga tó òṣùwọ̀n náà gbé táyà ẹ̀yìn kó má bàa dagun. Mo ka nọ́mbà, mo yí ọkọ̀ padà, mo ka ti ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2,640. Iwájú gbé 1,310 péré. Ìyẹn ni pé ìdajì ẹrù ọkọ̀ wà lẹ́yìn. Tó bá wá kọjú sí òkè, èyí tó wà níwájú náà á tún rọ́ sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, kò sì ní rí ilẹ̀ dì mú. Èyí tí mo kó sórí bọ́dì nìkan, gíráàmù 280 ni.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ṣọ́ òkè kalẹ̀. Mo gbé bátìrì kúrò lẹ́yìn wá sí iwájú. Mo wá ra idẹ: idẹ tí wọ́n fi ṣe knuckle iwájú méjèèjì (oríkèé tí táyà fi ń yà), idẹ tó bo ojú differential iwájú (gíà tó wà láàárín táyà méjèèjì), àti idẹ kéékèèké tó wọ inú ríìmù iwájú. Gbogbo wọn jọ wúwo tó gíráàmù 340, ìsàlẹ̀ axle, irin tó so táyà méjì pọ̀, ni wọ́n sì wà, níbi tí ṣọ́ọ̀kù kò ti ní í gbé wọn. Nígbà tí mo tún gbé ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ 2,700, iwájú sì gbé 1,610. Díẹ̀ ló kù kó pé ìdá 60 nínú 100, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwa tí ń gun òkúta máa ń fẹ́ kó wà. Mo tún gbé e dúró ní ìbú lórí pátákó, mo ń gbé ẹ̀gbẹ́ pátákó sókè díẹ̀díẹ̀ títí táyà òkè fi kúrò nílẹ̀. Kí n tó ṣe àtúnṣe yìí, dígíríì 38 ló ti ń yí. Nísinsìnyí, 47. Ìyàtọ̀ dígíríì mẹ́sàn-án yẹn ju ohunkóhun tí motor lè fún mi lọ.

Mi ò sọ pé kó o má ṣe ọkọ̀ rẹ lọ́ṣọ̀ọ́ o. Mo ti dá káríà padà sórí tèmi. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ nísinsìnyí, fóòmù ni mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ tí mo sì kùn ní ọ̀dà. Gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 30 lọ. Tó o bá rí i látòkèèrè, wàá rò pé irin ni.

O tún béèrè bóyá ọkọ̀ tó ní portal ló yẹ kó o ti rà, irú TRX-4 tí Traxxas gbé jáde ní 2017. Ohun dáadáa ni. Portal, ìyẹn gíà tó wà nídìí táyà, máa ń gbé axle ga sókè, bíi ti ọkọ̀ ńlá Unimog ti Mercedes-Benz gan-an, ikùn ọkọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ há sórí òkúta. TRX-4 tún lè ti differential pa, kó sì ṣí i, láti orí rìmóòtù. Ṣùgbọ́n tìrẹ náà, differential rẹ̀ ti dè pinpin iwájú àti ẹ̀yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà. Má jẹ́ kí ojú rẹ kúrò lára èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Servo, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí sítíárìn, ni ẹ̀kẹta. Táyà rírọ̀ àti idẹ á jẹ́ kí sítíárìn wúwo, servo oníke kò sì ní pẹ́ tí eyín rẹ̀ á fi ká. Ra èyí tí gíà rẹ̀ jẹ́ irin, tí agbára ìyí rẹ̀ tó 20 sí 25 kg-cm. Àmọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo fi servo ńlá sí i, ọkọ̀ há sáàárín òkúta méjì, mo yí sítíárìn sí ọ̀tún, táyà kò lè yí, servo ń kùn, lójijì gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Iná ara receiver, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ láti orí rìmóòtù, kú. Ó tún tàn, mo yí sítíárìn, ó tún kú. Mo pààrọ̀ bátìrì, bákan náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, kó tó yé mi pé BEC (ẹ̀yà tó ń fún servo àti receiver ní iná) tó wà nínú ESC (ẹ̀rọ tó ń darí iná lọ sí motor) ni kò lè fún servo náà ní iná tó ń fẹ́. Bí servo bá ti fa iná ju agbára BEC lọ, receiver náà á pàdánù tirẹ̀. Mo so BEC ọ̀tọ̀ mọ́ bátìrì fún servo nìkan, wàhálà náà sì parí. Nítorí náà, wo iye amp tí BEC rẹ lè gbé kó o tó ra servo.

Ti bátìrì, mi ò ní fi ṣeré, má ṣe fi ṣeré. O ní bátìrì NiMH lò ń lò, o sì fẹ́ lọ sí LiPo 2S, irú bátìrì mìíràn tó ní sẹ́ẹ̀lì méjì. Lára ESC tèmi, jumper kékeré kan wà tí a fi ń sọ fún un irú bátìrì tó wà nínú ọkọ̀. Mo gbàgbé láti ṣí i kúrò ní ipò NiMH. ESC kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, ó fa LiPo náà lọ sí ìsàlẹ̀ volt 3.0 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo sì yọ ọ́ jáde, ó ti wú. Bátìrì tó bá ti wú, a kì í ṣájì í mọ́, ó lè gbiná. Yẹ ESC tìrẹ wò lónìí. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í kọjá volt 4.2 nígbà tó bá kún. Èmi máa ń dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró ní bíi 3.5; tí mi ò bá ní lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, 3.8 ni mo máa ń fi í sí. Má sì ṣe fi í sílẹ̀ lórí ṣájà kó o lọ sùn.

Àwọn kékeré tó kù: síkúrù èyíkéyìí tó bá wọ inú irin, fi gọ́ọ̀mù síkúrù aláwọ̀ búlúù sí i, pàápàá èyí tó di ṣáàfù mú. Èyí tó bá wọ inú ike, má fi í sí i, ó lè mú kí ike náà là. Láàárín gíà motor àti gíà ńlá, fi ìrépé bébà kan sí i kó o tó de motor pa, kó o sì yí bébà náà jáde. Àyè tó fi sílẹ̀ ló yẹ wọ́n. Wíńṣì, ẹ̀rọ tí ń fi okùn fa ọkọ̀ tó há, lè dúró ná.

Mo rí i pé lẹ́tà yìí ti gùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ nínú mi, kò sì sí ẹni tó lóye rẹ̀ nítòsí mi. Wàá ṣe ohun kan fún mi: kó o tó ra ohunkóhun, gbé ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n bí mo ṣe sọ, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kó o kọ nọ́mbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Kó o sì sọ ibi tí bátìrì rẹ wà. Àá jọ mọ ibi tí idẹ máa lọ. Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.