Wákàtí 6 Kọ́ O, Wákàtí 8 Ni

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti màmá mi wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York. Ojú òpó tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ gàdàgbà pé kìlómítà 5,540 ni, wákàtí 6 la ó sì lò. Àtọ̀gbẹ ń bá màmá mi jà, àsìkò oúnjẹ wọn ò gbọdọ̀ yẹ̀, oúnjẹ inú bàálù kì í sì í bá wọn lára mu. Wákàtí 6 yẹn ni mo fi ṣírò ohun tí mo dì sápò.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn tán, a ṣì wà nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 50 ká tó gbéra. Nígbà tí wákàtí 6 pé, ike oúnjẹ ti ṣófo, ọwọ́ màmá ti ń gbọ̀n. Lójú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú wa, àwòrán bàálù náà ṣì wà lórí òkun. "Ṣé a ò tíì dé ni?" Ohùn wọn ò jáde dáadáa. Ọlọ́run ló ní kí òṣìṣẹ́ inú bàálù kan tètè gbé omi ọsàn wá. Wákàtí 8 lé díẹ̀ la lò.

Níbo ni wọ́n ti rí wákàtí 6? Wọ́n kàn fi eré 900 kìlómítà ní wákàtí kan pín gígùn ọ̀nà ni! Ṣé látorí ilẹ̀ ni bàálù ti ń sá eré yẹn? Ó ń rọra yí nílẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tún ń dín eré kù kó tó balẹ̀. Ẹ̀fúùfù ńkọ́? Lókè òkun Àtìláńtíìkì, láti ìwọ̀-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́ wá. Ẹni tó ń lọ sí New York, iwájú ló ti ń kọlù ú. Ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀yìn ló ti ń tì í. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹ̀fúùfù ìjì ti bàálù kan láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín wákàtí tí kò pé 5. Ọ̀nà kan náà! Síbẹ̀, iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ fún àlọ àti àbọ̀.

Ẹ wo Helsinki ní Finland sí Tokyo ní Japan. Kì í tó wákàtí 10 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ bàálù Yúróòpù ní ọdún 2022, ó di nǹkan bíi 13, torí wọ́n ní láti yí i ká. Ṣé àwọn ìlú náà ló sún jìnnà síra? Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ gbogbo èyí. Àwọn aláṣẹ tó yẹ kó bá wọn wí ń wò wọ́n níran.

Ohun tí mò ń béèrè ò le. Kí wọ́n kọ iye wákàtí láti ìgbà tí bàálù bá kúrò ní ààyè rẹ̀ títí tí yóò fi gúnlẹ̀ sí ààyè rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìṣirò tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù fúnra wọn fi ń ṣètò ìrìnnà wọn nìyẹn, kí ló dé tí ojú òpó yìí fi ń fi í pa mọ́ fún wa? Kí iye àlọ dá wà, kí ti àbọ̀ dá wà. Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìlú méjèèjì, torí ẹni tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 10 àárọ̀, tó balẹ̀ ní New York ní aago 1 ọ̀sán, lè rò pé wákàtí 3 lòun lò. Kí wọ́n sì máa kìlọ̀ fún aláìsàn kó di oúnjẹ àti oògùn lé.

Àárọ̀ òní ni mo tún wo ojú òpó náà. Wákàtí 6 ló ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Arìnrìn-àjò kan