Ìkéde: Die Hard La Máa Wò Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Fíìmù ìjà tí a yàn ni Die Hard, tí John McTiernan darí, tó jáde lọ́dún 1988. Púpọ̀ nínú wa ni kò wò ó rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Mo rò pé ìbọn àti iná nìkan ni màá rí, àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tí Bruce Willis ṣe kì í ṣe akọni tí ìbọn ò ràn: ẹ̀rù ń bà á, ó ń rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń sá kiri inú ilé gíga náà. Alan Rickman ló ṣe olórí ọ̀daràn. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn! Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ dáadáa.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pẹ́ dé, torí ohun kéékèèké tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló máa padà di ńlá. Ẹni tó bá ti wò ó rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìparí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn fíìmù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́