Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń yí àwùjọ padà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Èrò pé ẹ̀rọ ló ń tún àwùjọ dá kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Láti 1847 ni Karl Marx, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Jámánì, ti kọ ọ́ pé ọlọ àfọwọ́yí ló bí àwùjọ àwọn ìjòyè onílẹ̀, èyí tí ooru omi ń yí ló sì bí ti àwọn olówó oníléeṣẹ́. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ dì mú. Wọ́n gbàgbé bí òun náà ṣe ka ìjà òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá sí.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ní 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá níbẹ̀, 120 owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè tẹ èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Ajayi Crowther ti jáde ní 1843, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ sì ti ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Láìsí ìwọ̀nyí, irin lásán ni ẹ̀rọ náà ì bá jẹ́. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ní 1867, Ìwé Ìròyìn dákẹ́. Òṣèlú ló pa á.

Kí ìjọba tó tún ra kọ̀ǹpútà sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ wá olùkọ́ àti iná síbẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn