Ọpẹ́ Lẹ́yìn Ìrántí Bàbá Wa àti Àwọn Ẹgbẹ́ Wọn Tó Lọ sí Bọ́mà

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú ìnára, ẹ kú àdúrótì. Ayẹyẹ ti kọjá, ọkàn wa ti balẹ̀, a sì ti sùn díẹ̀. Kí oníkálukú tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ Bàbá, tó jagun ní Bọ́mà (tí à ń pè ní Myanmar báyìí) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ká kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ yín bi wá pé kí ló dé tí a kò dúró de ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, bíi gbogbo Nàìjíríà. Bàbá ló fà á. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 nìyẹn, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n fi ń rántí àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń gbé mẹ́dà kọ́ àyà títí wọ́n fi papòdà. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?

Kábíyèsí, adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ fún wa nílẹ̀, ẹ tún jókòó nínú oòrùn yẹn títí a fi ṣe tán. Ẹ̀yin ajagunfẹ̀yìntì, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn olùkọ́, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, a rí yín o.

Ọmọ wa tó gbẹ́ òkúta ìrántí náà, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Aláǹtakùn dúdú tó jẹ́ àmì dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Bàbá wà, àti ọ̀kọ̀ méjì lórí òṣùká tó jẹ́ àmì dífíṣọ̀n 82, o gbẹ́ ẹ bí ẹni pé o bá wọn rìn ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tó jẹ́ pé orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ti Ìyá àgbà wa ńkọ́? Ẹ rí i bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kú nígbà tí wọ́n pe orúkọ kẹta nínú àwọn tó lọ sógun (ojú tì wá, irọ́ kọ́). Ohùn lásán ni ẹ̀gbọ́n wa fi ka ìyókù, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn fún ẹni tirẹ̀. Ó wá kan ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò bọ̀, tí orúkọ wọn wà lára òpó ìrántí ní itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon (Yangon) ní Bọ́mà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé yẹn ti dahoro. Ni Ìyá, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, bá fi ọ̀pá dìde: "Ọ̀dọ̀ wa ni tiẹ̀. A wà ńbí." Ìyá, ẹ pa wá lẹ́kún. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Ẹ̀yin tí ìrẹsì kò dé ọ̀dọ̀ yín lábẹ́ tẹ́ǹtì kejì, ẹ foríjì wá. Èrò ló pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tí a gbàgbé láti dárúkọ, kì í ṣe àfojúdi, orí ló kún. Ọlọ́run kò ní gbàgbé yín. Ilé yín á tutù, ẹ kò ní fi ìbànújẹ́ gbàlejò, ọmọ á gbẹ̀yìn yín. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà lọ, ẹ ó gbà á bọ̀, bí Bàbá ṣe ti Bọ́mà bọ̀.

Ẹni tó fi fìlà aláwọ̀ búlúù sílẹ̀ lórí àga, ó wà lọ́wọ́ ìyàwó wa o.

Àwa ọmọ Bàbá.