Ẹ Má Gbàgbé Ẹni Tó Ta Gìtá Lẹ́yìn Hank Williams

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn olórin kọ́ńtìrì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dolóògbé, àwọn tí orin wọn ṣì ń dún nínú ilé wa àti lórí rédíò wa títí di òní, inú mi sì dùn púpọ̀ pé ìwé ìròyìn Yorùbá rí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ yin ohùn Hank Williams, ó yin ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀, ó sì sọ bí ikú ṣe mú un lọ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 29 péré. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ṣùgbọ́n mo kà á dé ìparí, n kò rí orúkọ Don Helms, ẹni tó ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀, níbẹ̀, n kò sì rí gbólóhùn kan ṣoṣo nípa sítíìlì gìtá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá yọ ohùn gìtá yẹn kúrò nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Hank Williams, ìdajì wọn ló yọ dànù. Ohun tó mú mi gbé kálàmù nìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun èlò náà díẹ̀ fún ẹni tí kò fojú rí i rí. Sítíìlì gìtá kì í ṣe gìtá tí à ń gbé kọ́ èjìká. Ṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sórí itan, tàbí kí wọ́n gbé e ka orí ẹsẹ̀ bíi ti tábìlì, kí okùn rẹ̀ lè kọjú sókè. Àwọn okùn náà ga kúrò lára igi ọrùn rẹ̀, a kì í sì í fi ìka tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Irin kékeré kan tó dán, tó sì wúwo, ló máa ń wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń ta á. Irin yìí ló máa ń fà lọ fà bọ̀ lórí okùn, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń ta á. Nítorí pé irin náà ń yọ̀ lọ ni, ohùn rẹ̀ kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn bíi ti dùùrù. Gbogbo ohùn tó wà láàárín méjèèjì ló máa ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ó ti le, nítorí kò sí ohun kan lára gìtá náà tó máa dá ọwọ́ dúró síbi tó yẹ. Bí irin bá kọjá ààyè rẹ̀ díẹ̀ báyìí, tàbí tí kò dé ibẹ̀ tán, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa orin pàápàá á mọ̀ pé ohùn ti yẹ̀. Etí nìkan ló ń ṣamọ̀nà ọwọ́.

Erékùṣù Hàwáì ni irú títa bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀, ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ń rìn lọ lójú irin rélùwéè, ó he irin kan nílẹ̀, ó fi kan okùn gìtá rẹ̀, ohùn tó jáde sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní San Francisco ní 1915, tí àwọn ará Hàwáì kọrin níbẹ̀, ìfẹ́ gìtá yìí gba Amẹ́ríkà kan, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin ìgbèríko gúúsù ilẹ̀ náà.

Àbúrò bàbá mi kan wà ní Òfà tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Hank Williams. Aṣọ rírọ̀ kan wà tó kàn fi ń nu àwo orin ni, kò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ giramafóònù náà. Bí Hank bá kọ ìlà kan tán, tó dánu dúró, tí gìtá sì wọlé, bàbá yìí á gbé ìka kan sókè, a ó sì mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. “Ẹ gbọ́ ọ,” ni yóò wí, “ó ń dá a lóhùn.” Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ Don Helms fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òótọ́ ni pé dídáni lóhùn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Alabama ni Helms, bíi ti Hank fúnra rẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i, ó sì ti ń bá Hank ṣeré láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, kó tó di pé Hank dé orí ìtàgé Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtìrì orí rédíò tó lókìkí, ní Nashville ní 1949. Gìtá rẹ̀ wà nínú orin Hank tó lé ní 100, ó sì wà nínú 10 lára àwọn orin 11 tí Hank fi gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn orin kọ́ńtìrì. Gìtá Gibson ló ń lò, tó ní ọrùn méjì, tí okùn mẹ́jọ-mẹ́jọ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí pẹ́dàlì kankan lábẹ́ rẹ̀. Fred Rose, tó ń darí iṣẹ́ náà ní sítúdíò, ló ní kó máa ta gìtá rẹ̀ sókè, níbi tí ohùn ti tín-ín-rín, kí ó má baà rìn mọ́ ohùn Hank lẹ́sẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo yẹn ló fún àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà ní ìrísí tí a mọ̀ wọ́n sí. Ohùn ènìyàn wà nísàlẹ̀, ohùn irin wà lókè, àyè tó wà láàárín wọn sì ṣófo tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n mú “Your Cheatin' Heart”, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1952 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ìgbà ìkẹyìn tí Hank wọ sítúdíò sì nìyẹn. Ó ti kú kí àwo náà tó jáde. Gìtá Helms ló kọ́kọ́ wọlé, kí Hank tó la ẹnu. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, ó ti mọ̀ pé ẹni kan ti dalẹ̀ ẹni kan, pé oorun kò ní kun ẹnìkan lálẹ́. Bí Hank bá wá ń kọrin, Helms kì í dá sí i. Yóò dúró, yóò jẹ́ kí gbólóhùn parí, nígbà náà ni yóò fa ohùn kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí yóò sì gbọn irin náà díẹ̀ bó bá dé ibẹ̀, kí ohùn lè gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé dídúró yẹn ló ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ gìtá ta ni kò lè dákẹ́.

Kò yẹ kí n sọ ti Helms kí n fi Jerry Byrd sílẹ̀. Òun ló ta sítíìlì gìtá nínú “Lovesick Blues”, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Cincinnati ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, òun náà ló sì wà nínú “I'm So Lonesome I Could Cry” ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohùn Byrd rọ̀, ó kún, ó sì máa ń rọra wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an, ó sì fẹ́ràn ohùn Hàwáì débi pé ó kó lọ síbẹ̀ ní 1972, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 2005. Tí a bá ń sọ nípa ìmọ̀ọ́ṣe lásán, mo lè gbà pé Byrd ju Helms lọ. Síbẹ̀, Helms ni mo yàn fún orin Hank, nítorí ohùn tirẹ̀ mú, ó ń dunni, ó sì bá ohùn ọkùnrin tí ara ń ni mu.

Ó yẹ kí ará Ìlọrin àti gbogbo wa ní gúúsù Kwara tètè mọ adùn yìí, nítorí a ti mọ gòjé. Ẹni tó bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí mọ bí gòjé ṣe máa ń tẹ̀ lé olórin, tí yóò fa ohùn rẹ̀ gùn bíi tirẹ̀, tí yóò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá mí. Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gòjé àti sítíìlì gìtá gbà dé ayé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìn olórin. Mo tún fẹ́ rán àwọn òǹkàwé létí pé ènìyàn dúdú kan, Rufus Payne, tó ń kọrin kiri ìgboro ní Alabama, ló kọ́ Hank ní orin nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mo rò pé mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ wa kò fi ka sítíìlì gìtá sí. Jim Reeves ló sọ kọ́ńtìrì di ti wa ní ilẹ̀ yìí, àwọn orin rẹ̀ tó sì gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wa jáde nígbà tí àwọn aláṣẹ sítúdíò ní Nashville, irú Chet Atkins, ti ń yọ gìtá yìí kúrò, tí wọ́n fi dùùrù àti ẹgbẹ́ agberin rọ́pò rẹ̀ kí orin náà lè wọ ọjà tó gbòòrò sí i. “He'll Have to Go” ti 1959 dùn, n kò ní í jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, yóò rò pé ohùn olórin nìkan ni kọ́ńtìrì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gìtá yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Demọ́lá Adépọ̀jù ta oríṣi tó ní pẹ́dàlì nínú ẹgbẹ́ African Beats ti King Sunny Adé. Pẹ́dàlì ni ẹsẹ̀ fi ń yí ohùn okùn padà nígbà tí irin bá dúró lójú kan, ọgbọ́n tó gbilẹ̀ nínú kọ́ńtìrì lẹ́yìn tí Bud Isaacs lò ó lẹ́yìn olórin Webb Pierce nínú “Slowly” ní 1954. Ẹ tún àwo Jùjú Music ti 1982 gbọ́, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń yọ̀ lọ láàárín ìlù àti àwọn gìtá yòókù. Nígbà tí Paul Simon ti Amẹ́ríkà ń ṣe àwo Graceland tó jáde ní 1986, Adépọ̀jù yìí kan náà ló ta sítíìlì gìtá nínú orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Ọmọ Yorùbá ló ta gìtá kọ́ńtìrì fún ará Amẹ́ríkà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé gbọ́, mélòó nínú wa ló sì mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá tún ń kọ nípa olórin tó ti dolóògbé, kí ẹ máa dárúkọ àwọn tó ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Ìlọrin bákan náà, àwọn tó máa ń gbé orin kọ́ńtìrì sí i ní ọjọ́ Àìkú, pé kí wọ́n fi orúkọ Helms tàbí Byrd kún ti Hank. Kò ní í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ẹ sì rán akọ̀ròyìn kan sí àwọn tó ta gìtá yìí nínú ẹgbẹ́ jùjú, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ àti bí wọ́n ṣe fi bá ìlù wa mu. Ní tèmi, mo ti ṣetán láti kọ orúkọ ẹni tó ta sítíìlì gìtá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Hank Williams tó wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ sí yín bí ẹ bá ní àyè láti tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
láti Òfà, Ìpínlẹ̀ Kwara.