Bọ́láńlé, bá mi pe màmá ẹ

Bọ́láńlé mi,

Báwo ni Manchester? Ṣé òtútù ò tíì gbé ẹ lọ? Gbogbo wa wà ńbí, a dúpẹ́. Dàmọ́lá ti wọ yunifásítì, lánlọ́ọ̀dù ti fowó lé owó ilé, Ìyá Ràṣí kó kúrò ládùúgbò láìdágbére fẹ́nì kankan, ìyẹn dọjọ́ míì.

Ọ̀rọ̀ màmá ẹ ló gbé mi dé o. Má jáyà, ara wọn le, àná gan-an wọ́n ṣì bú mi. Sítóòfù ẹtánọ́ọ̀lù, èyí tó ń lo ọtí líle bí epo, tó o rà fún wọn nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n gógó yẹn, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju ìwọ lọ. Kò séèfín, ìdí ìkòkò kì í dú, ojú ò ta wọ́n mọ́. Àmọ́ tí epo bá fẹ́ tán tí ẹ̀wà ò tíì jinná, wọn kì í dúró kí nǹkan yẹn tutù, wọ́n á kàn gbé kéègì wọ́n á fẹ́ máa dà á sí i. Bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀ kì í hàn lọ́sàn-án! Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, tí oòrùn bá ti gba wíńdò wọlé, wàá ní ó ti kú. Mo bá wọn nídìí ẹ̀, wọ́n ti ṣí kéègì, mo ní Màmá ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ó ti kú. Mo ka bébà, mo nà án sórí ẹ̀, bébà gbiná lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní oúnjẹ sísè.

Ooru tó ń gbéra látinú epo yẹn ló ń gbé iná, á bá ẹnu kéègì wọlé, á sì tu iná sára èèyàn. Mo ní kí wọ́n fi ọmọrí pa á, kí wọ́n dúró títí wọ́n á fi lè fọwọ́ kan ara sítóòfù, kí kéègì máa wà níta. Mo gbé omi bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, torí omi tó pọ̀ máa ń pa tiẹ̀, kò dà bíi kẹrosíìnì tó ń léfòó. Wọ́n ti fi omi ọ̀hún fọṣọ.

Èyí tó wá ń dùn mí jù, ọkùnrin kan ń ta epo yẹn ní pọ́ọ́kú fún wọn, a ò mọ ohun tó pò mọ́ ọn. O rántí Òde-Ìrèlè, l'Óǹdó, ní 2015, táwọn èèyàn ń kú, wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mẹtánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró. Májèlé tó jọ ẹtánọ́ọ̀lù ni, ó ń fọ́ èèyàn lójú! Inú ike omi ni màmá ẹ ń rọ ọ́ sí o, ọmọ Kúnlé sì ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn skúù, kò sí ike omi tí ọmọ yẹn ń wò láì gbé e sẹ́nu.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n, ohùn ẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Owó epo, máa fi ránṣẹ́ sí mi, màá máa ra èyí tí wọ́n sé lẹ́nu pa tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Àmọ́ má dárúkọ mi o, mi ò ní rí mọ́ínmọ́ín jẹ níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Ṣadé